Pápá Ọkọ̀ Òfurufú Takoradi, àti Iṣẹ́ tí Ó Kù fún Àwa Olùkọ́

Mo tọrọ àyè díẹ̀ nínú ìwé wa yìí láti sọ èrò ọkàn mi lórí ọ̀ràn kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn náà ni ti pápá ọkọ̀ òfurufú kan tí àwọn ológun lò ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ìgbà ogun Hitler, èyíinì ni pápá Takoradi, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà, tí a sì ń pè ní Ghana láti ọdún 1957. Bóyá ẹlòmíràn yóò wí pé, "Kí ni ó kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nípa pápá ọkọ̀ òfurufú, àti ti ogun pàápàá?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá mi lọ. Mo lérò pé nígbà tí a bá dé òpin ọ̀rọ̀ yìí, a ó rí i pé ó kàn wá, ó sì kan ọmọdé tí yóò jókòó níwájú wa ní kíláàsì ju bí ó ti kan ológun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn pápá náà, nítorí a kì í ṣe ìdájọ́ ohun tí a kò mọ̀.

Àwọn baba wa a máa wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ ní ọdún 1940. Ní ọjọ́ 10 oṣù June ọdún náà, Ítálì dá sí ogun ní ìhà ti Jámánì. Ní ọjọ́ 22 oṣù kan náà, ilẹ̀ Faransé tí a ti ṣẹ́gun fi ọwọ́ sí ìwé pé òun kò jà mọ́. Ṣáájú èyí, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ fi ohun ìjà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ogun wọn ní Íjíbítì, Òkun Mediterranean ni ọkọ̀ ojú omi wọn ń gbà. Nísinsin yìí òkun náà ti di ẹnu kìnnìún: àwọn ará Ítálì wà ní àárín rẹ̀, wọ́n sì wà ní Líbíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íjíbítì gan-an. Bí ọkọ̀ ojú omi bá sì fẹ́ yí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ká láti ìhà gúúsù kí ó tó dé Suez, oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò jẹ lórí omi. Ogun kì í dúró de arìnrìn-àjò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ṣe aláìní jù lọ ní Íjíbítì ni ọkọ̀ òfurufú, nítorí èyí tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ti gbó.

Nígbà náà ni wọ́n rántí ọ̀nà kan tí ó ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 1925, ọkọ̀ òfurufú ológun 3 ti fò láti Íjíbítì wá sí Kano, ó sì padà ní àlàáfíà. Àwọn ni ọkọ̀ òfurufú tí ó kọ́kọ́ ba sí ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1936, ilé iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà àti èrò láti Khartoum wá sí Kano àti Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọ̀nà náà fi nà dé Gold Coast. Ọ̀nà lẹ́tà ni, kì í ṣe ọ̀nà ogun. Pápá tí ó wà lójú rẹ̀ kéré, wọn kò sì ju ibi tí a ro tí a sì tẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ni í ṣe.

Kí ni ó dé tí wọ́n fi yan Takoradi láti jẹ́ orí ọ̀nà náà? Nítorí ohun mẹ́ta ni. Èkíní, èbúté wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè gúnlẹ̀ sí, èyí tí a ṣí ní ọdún 1928, ní ìgbà tí kò sí irú rẹ̀ mìíràn ní gbogbo Gold Coast. Èkejì, ojú irin ti dé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta, pápá ọkọ̀ òfurufú kékeré kan wà nítòsí èbúté náà, tí a lè mú gbòòrò. Nítorí náà, ní oṣù July ọdún 1940, ọ̀gágun òfurufú kan tí ń jẹ́ Thorold dé ibẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 24 péré láti tún ibẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: wọ́n ń mú ọ̀nà ìsáré gùn sí i, wọ́n ń kọ́ ilé tí a ó ti máa to ọkọ̀, wọ́n ń kọ́ ibùsùn àti ibi ìdáná.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù September, àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mo wí pé àpótí, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ náà kò fò wá láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì. A tú wọn palẹ̀ níbẹ̀, a kó ara wọn àti ìyẹ́ apá wọn sínú àpótí pákó ńláńlá, a sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn wá. Ní Takoradi, a sọ àpótí kalẹ̀ ní èbúté, a gbé e lọ sí pápá, a ṣí i, a sì to ọkọ̀ náà pọ̀ padà, ìdè kan tẹ̀lé ìdè kan, títí yóò fi tún di ohun tí ó lè fò. Nígbà tí ó yá, wọn yóò dán an wò lójú ọ̀run. Bí ó bá dára, yóò dúró de àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì jọ gbéra.

Ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ gùn tó nǹkan bí 3,700 ibùsọ̀. Láti Takoradi wọ́n ń fò dé Èkó, tí ó tó nǹkan bí 380 ibùsọ̀. Láti Èkó dé Kano, nǹkan bí 525. Láti Kano dé Maiduguri. Lẹ́yìn èyí wọn yóò la òkè ilẹ̀ Chad kọjá bọ́ sí El Geneina ní Sudan, wọn yóò dé Khartoum, wọn yóò sì tẹ̀lé odò Náílì lọ sí Íjíbítì. Ọkọ̀ Hurricane jẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni ó ní, awakọ̀ rẹ̀ kò sì ní ẹni tí yóò fi ọ̀nà hàn án. Nítorí náà ni ọkọ̀ Blenheim tí ó tóbi jù ú lọ, tí ó ní ẹni tí ń wo àwòrán ilẹ̀ nínú, ṣe ń ṣáájú, tí àwọn kéékèèké sì ń tẹ̀lé e bí òròmọdìẹ ti ń tẹ̀lé ìyá wọn. Ẹgbẹ́ kìn-ín-ní gbéra ní oṣù September ọdún 1940 kan náà: Blenheim kan àti Hurricane 6. Ní ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dé Íjíbítì. Ọ̀kan nínú wọn kò dé.

Èmi kò ní fi ìrìn náà ṣe eré. Ọyẹ́ a máa bo ojú ọ̀run, tí awakọ̀ kò fi ní mọ ibi tí ó wà; yanrìn aṣálẹ̀ a máa wọ inú ẹ́ńjìnnì, a sì máa jẹ ẹ́ bí ikán ti ń jẹ igi; ibà a máa dá àwọn àlejò dùbúlẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣìnà lórí aṣálẹ̀ tí epo rẹ̀ sì tán, ẹ mọ ohun tí ó kù. Àwọn ará Poland wà nínú àwọn awakọ̀ náà, tí Hitler ti gba ìlú wọn, tí wọ́n sì ń fò lókè ilẹ̀ tí wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti fi ọkọ̀ lé àwọn ará Íjíbítì lọ́wọ́, a ó tún fi ọkọ̀ akẹ́rò kó wọn padà wá sí Takoradi láti gbé òmíràn. Láti ọdún 1940 títí di oṣù October ọdún 1943, tí ojú Òkun Mediterranean tún ti là, ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà yìí lé ní 5,000. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tí ó dá ogun dúró ní Íjíbítì, tí ó sì fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì lágbára láti ṣẹ́gun ní El Alamein ní ọdún 1942.

Ẹnì kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò dá nínú ìtàn yìí. Nígbà tí Faransé ti túúbá, gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lábẹ́ àwọn tí ó ti bá Jámánì ṣe àdéhùn. Bí Chad bá ti wà lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú, ìṣòro ńlá ni ìbá wà ní àárín ọ̀nà Takoradi. Ṣùgbọ́n gómìnà Chad nígbà náà ni Félix Éboué, ènìyàn dúdú, tí a bí ní Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ìran àwọn ẹrú tí a kó láti Áfíríkà. Ní ọjọ́ 26 oṣù August ọdún 1940, ó kéde pé Chad wà pẹ̀lú de Gaulle, kò sì sí pẹ̀lú àwọn tí ó túúbá. Ọ̀nà là. Ọmọ ẹrú ni ó ṣí ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọ aládé gbà kọjá. Káírò, níbi tí ọ̀nà yìí ń lọ, ni ó kú sí ní ọdún 1944; ní ọdún 1949 àwọn Faransé gbé òkú rẹ̀ lọ sínú Panthéon ní Paris, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ẹni ńlá wọn sí.

Ìtàn pápá náà nìyí ní ṣókí. Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ó fi ń jẹ mí lọ́kàn.

Baba tí ó bí bàbá àgbà mi jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó lọ ṣòwò ní Gold Coast. Ọmọdékùnrin ni nígbà tí ó dé ibẹ̀, Sekondi ni ó sì ń gbé, tí kò jìnnà sí Takoradi. Nígbà tí ọjà kò tà mọ́ nítorí ogun, ó lọ ṣe lébìrà ní pápá náà. Àpótí ni wọ́n ń gbé. Bàbá àgbà mi sọ fún mi pé ẹnu baba òun kì í sin lórí àwọn àpótí wọ̀nyí: bí wọ́n ti tóbi tó yàrá, bí ènìyàn púpọ̀ ti ń fi èjìká tì í pẹ̀lú orin, bí wọ́n ti ń ṣí i tí wọ́n sì ń rí ìyẹ́ apá ọkọ̀ nínú rẹ̀ tí a fi bébà dì bí àkàrà. Nígbà tí a bá ti ṣí àpótí tán, pákó rẹ̀ di ti ẹni tí ó bá rí i gbé. Baba náà gbé díẹ̀, ó sì fi kan àpótí ìjókòó.

Ní oṣù November ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ 14. Baba náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀; ibẹ̀ ni ó ti bí àwọn ọmọ rẹ̀. Kò ní ìwé kankan. Ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀, ó kó ìyàwó àti ọmọ, ó sì di àpótí ìjókòó náà mọ́ ẹrù. N kò sọ èyí láti fi bú àwọn ará Ghana, nítorí àwa náà lé àwọn ọmọ wọn kúrò nílùú wa ní ọdún 1983. Ìkòkò kò gbọdọ̀ máa bú ìṣaasùn pé ó dúdú. Ohun tí mo ń sọ ni pé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí fi èjìká rẹ̀ ṣe nínú ogun tí ó kan gbogbo ayé, àpótí ìjókòó kan ṣoṣo ni ẹ̀rí tí ó kù. Ó wà nílé wa títí di òní. Ọ̀dà dúdú wà lábẹ́ rẹ̀, àjẹkù lẹ́tà mẹ́ta tí a kò lè kà mọ́.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, olùkọ́ wa ń kọ́ wa ní ìtàn ogun náà. Ó dárúkọ Hitler, ó dárúkọ Churchill, ó kọ ọdún sí ara pátákó. Mo na ọwọ́ sókè, mo sì wí pé baba bàbá àgbà mi ṣiṣẹ́ nínú ogun yìí ní Takoradi. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Takoradi kẹ̀? Kò sí nínú ìwé. Jókòó." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pè mí ní Ọmọ Takoradi títí mo fi kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ náà. N kò bínú sí olùkọ́ yẹn mọ́. Kò purọ́: kò sí nínú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé olùkọ́ lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sin òkú ẹnì kan lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, èrò mi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò: ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ yìí mọ ìtàn ọ̀nà Takoradi, kí ó sì máa kọ́ àwọn ọmọ, kì í ṣe bí ìtàn ọkọ̀ àti ọ̀gágun nìkan, bí kò ṣe bí ìtàn ọwọ́ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé àtakò yóò wà. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìjẹun, mẹ́ta ni mo gbọ́, ó sì tọ́ kí n dá wọn lóhùn bí ó ti yẹ.

Ẹni kìn-ín-ní wí pé ogun kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ́ ọmọdé. Bí a bá ń ròyìn ọkọ̀ ogun fún wọn, wọn yóò fẹ́ràn ogun. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òtítọ́ ni pé ikú ni àwọn ọkọ̀ náà ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti mọ ogun ná. Wọ́n ń rí i nínú àwòrán tí ń rìn, wọ́n ń fi igi ṣe ìbọn lẹ́yìn ilé. Ogun tí ó dùn ni wọ́n mọ̀, níbi tí kò sí ẹni tí ń gbé ẹrù, tí kò sí ẹni tí ibà ń dá. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ní bí awakọ̀ ti ń ṣìnà lórí aṣálẹ̀ tí a kò sì rí i mọ́, tí ó sì kọ́ ọ ní bí lébìrà ti ń fi èjìká gbé àpótí nínú oòrùn, kò kọ́ ọ láti fẹ́ràn ogun. Iye tí ogun ń náni ni ó kọ́ ọ.

Ẹni kejì wí pé ilẹ̀ Ghana ni Takoradi wà, kí ará Ghana kọ́ ọmọ rẹ̀, kí àwa kọ́ tiwa. Èmi bi í pé, Èkó ńkọ́? Kano ńkọ́? Maiduguri ńkọ́? Lára ibùsọ̀ 3,700 náà, ìpín tí kò kéré ni ó wà lókè Nàìjíríà. Ìgbà ogun yẹn ni a la pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí ó di ibi tí ayé ń gbà wọ ìlú wa. Lónìí, orúkọ ọ̀gágun Murtala Muhammed, tí a pa ní ọdún 1976, ni ó ń jẹ́. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ kí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, láìmọ̀ pé ogun ni ó kọ́kọ́ la ibẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wọ aṣọ ẹgbẹ́ West African Air Corps, wọ́n sì ṣiṣẹ́ ní irú àwọn pápá bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kì í ní ààlà bí oko. Ẹni tí ó bá wí pé orí ọ̀nà kò kan òun, ó ti gbàgbé pé àárín rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé òun.

Ẹni kẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù. Ó ní, "Kí ni a ó kọ́ wọn? Ogun àwọn Òyìnbó ni. Wọn kò bi àwa léèrè kí wọ́n tó fi wá sí i. Bí a bá ń yin pápá náà, ṣé kì í ṣe pé à ń yin àwọn tí ó fi wá ṣe ẹrú iṣẹ́?" Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ó ń fara gbá, òtítọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn ọba àti àwọn ìjòyè Gold Coast jọ kí wọ́n wá dìbò bóyá kí ilẹ̀ wọn di pápá ogun. Ṣùgbọ́n mo rí ohun méjì. Èkíní, ẹni tí wọ́n ń bá jà wí gbangba pé ènìyàn dúdú kò ka ènìyàn sí. Bí Hitler bá borí, àwa kọ́ ni yóò sàn fún. Éboué mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi yan ìhà tí ó yàn. Èkejì, àwọn tí ó ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì jà náà ni ó padà wálé láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù February ọdún 1948, àwọn tí ó ti jagun rí ní Gold Coast kó ara wọn jọ ní Accra láti mú ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá gómìnà. A yìnbọn sí wọn, mẹ́ta sì kú: Adjetey, Attipoe àti Odartey Lamptey. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Ghana gba òmìnira. Nítorí náà, kí a dákẹ́ nípa pápá náà kọ́ ni yóò fi hàn pé a kò yin amúnisìn. Dídákẹ́ gan-an ni ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí bí a kò bá ròyìn iṣẹ́ ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó pàṣẹ rẹ̀ nìkan ni a ó máa rántí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí pápá náà dà lẹ́yìn ogun. Kò padà di igbó. A dá ẹgbẹ́ ológun òfurufú Ghana sílẹ̀ ní ọdún 1959, Takoradi sì di ọ̀kan nínú ibùdó wọn. Ọwọ́ wọn ni ó ṣì wà, àwọn ọkọ̀ tí ń gbé èrò láti Accra sì ń ba síbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí àjèjì ti ń to ọkọ̀ ti di ibi tí ọmọ onílẹ̀ ti ń kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀. Èyí pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́: ohun tí a kọ́ fún ogun kò ní láti jẹ́ ti ogun nìkan títí láé, ohun tí a sì fi agbára àjèjì kọ́ lè di tiwa bí a bá mọ bí a ti ń lò ó.

Kí n má baà jẹ́ ẹni tí ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ láìfi bí a ti ń ṣe é hàn, mo dá àbá díẹ̀ fún wa, èyí tí a lè lò nígbà tí a bá ń lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ kíkọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ àyíká.

Nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, kí a ya àwòrán Áfíríkà sí ara pátákó, kí àwọn ọmọ fi okùn so Takoradi mọ́ Èkó, Èkó mọ́ Kano, títí dé Káírò. Wọn yóò rí igbó, ọ̀dàn, aṣálẹ̀ àti odò Náílì lórí okùn kan ṣoṣo. Nínú ìṣirò, kí wọ́n ro 380 àti 525 pọ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú 3,700, kí wọ́n lè mọ bí ìrìn tí ó kù lẹ́yìn Kano ti pọ̀ tó. Kí wọ́n pín ọkọ̀ 5,000 sí oṣù 37, wọn yóò rí i pé ó tó 135 lóṣooṣù, èyí tí ó ju mẹ́rin lọ lóòjọ́. Nígbà náà ni wọn yóò mọ̀ pé kò sí ọjọ́ ìsinmi fún ẹni tí ń gbé àpótí. Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó, kí a sọ bí ẹ̀fọn ti bá àwọn àlejò jà ju bí ọ̀tá ti ṣe lọ. Nínú ẹ̀kọ́ ìwà ọmọlúàbí, kí a sọ ti Éboué, ẹni tí ó yan òtítọ́ nígbà tí àwọn tí ó jù ú lọ ní ipò ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí.

Èyí tí ó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí olùkọ́ rán àwọn ọmọ padà sílé láti béèrè. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ti lọ tán tàbí kí ó kù díẹ̀ bí irun orí arúgbó. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn wà, tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Àwọn náà ti ń darúgbó. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbà ilé rẹ̀ pé, "Bàbá, ta ni nínú ilé wa ni ó ṣiṣẹ́ nígbà ogun Hitler, níbo sì ni?" Kí ó kọ ìdáhùn náà sínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́. Kí olùkọ́ má ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ fi kún un, kí ó má sì yọ nínú rẹ̀. Bí ó bá rí ohun tí kò bá ti ìwé mu, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí tí ó ń jáde lọ́dọọdún bá ṣe èyí ní abúlé kan ṣoṣo kálukú, ohun tí a ó ní lọ́wọ́ ní ọdún mẹ́wàá kò sí ní ilé ìwé kankan lónìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kò ní pẹ́ mọ́ tí àwa náà yóò dúró níwájú pátákó pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Ọmọ kan yóò na ọwọ́ sókè, yóò sì dárúkọ ibì kan tí kò sí nínú ìwé tí a dì mú. Ó lè jẹ́ Takoradi, ó lè jẹ́ Burma níbi tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti jà, ó lè jẹ́ ibi tí àwa kò gbọ́ rí. Ohun tí a bá wí ní ìṣẹ́jú náà ni yóò fi hàn bóyá olùkọ́ ni a jẹ́ tàbí ẹni tí ń ka ìwé sókè fún ọmọdé. Ẹ má ṣe wí fún un pé kí ó jókòó. Ẹ wí fún un pé, "Wá síwájú, kí o sọ fún wa."

Àpótí ìjókòó náà ṣì wà nílé wa. Nígbà tí mo bá gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ mi, bí bàbá àgbà mi bá yọ̀ǹda, kíláàsì mi ni n ó gbé e lọ.